Ilẹ̀ Tí Àwọsánmà Dúró Lé

Ẹni tó jókòó sí ilé rẹ̀ ní Thomas Estate, lágbègbè Ajah ní ìpínlẹ̀ Èkó, lè yá sáfà lórí "àwọsánmà" lónìí kí oúnjẹ tó jinná. Yóò fi Linux àti Nginx sí i, yóò ṣí ẹnu-ọ̀nà 80 àti 443 fún àlejò, yóò sì ti ẹnu-ọ̀nà 22 mọ́ gbogbo ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ìkànnì rẹ̀ ti dé ìta nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọsánmà yìí kò sí lójú ọ̀run. Kọ̀ǹpútà gidi ni, tí wọ́n pín bí yàrá tí onílé fi rẹ́ǹtì, ó sì ní ilẹ̀ tó dúró lé.

Nígbà tí Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú yàrá bẹ́ẹ̀ rẹ́ǹtì ní ọdún 2006, Amẹ́ríkà ni ilẹ̀ náà wà. SAT-3, tó wà níkàáwọ́ NITEL, nìkan ni wáyà abẹ́ òkun tó so Nàìjíríà mọ́ òkè òkun. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń fi owó gọbọi ra ọ̀nà orí sátẹ́láìtì.

Funke Opeke, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ifẹ̀, tó sì ti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, dá MainOne sílẹ̀ ní 2008. Ní 2010, wáyà ilé iṣẹ́ náà, tó gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà, gúnlẹ̀ sí Èkó láti Portugal. Ní 2015, wọ́n ṣí ilé sáfà ńlá sí Lẹ́kkí. Ní 2022, Equinix ti Amẹ́ríkà fi 320 mílíọ̀nù dọ́là ra MainOne. Ọdún yẹn náà ni Equiano, wáyà Google, gúnlẹ̀ sí Èkó. Ní 2023, Amazon fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀ka kékeré kan wá síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, 2024, wáyà mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan, MainOne àti SAT-3 wà nínú wọn. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ báǹkì àti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù dẹnu kọlẹ̀. Ìwé tí ará Ìkẹjà kọ sí ará Ajah, bí sáfà rẹ̀ bá wà ní London, ní láti la òkun kọjá kí ó tó dé. Èyí tí sáfà rẹ̀ wà ní Èkó, tó sì gba IXPN, ibùdó ìpàdé àwọn ilé iṣẹ́ ayélujára tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, kò ní ohun tí yóò bá òkun ṣe.

Kí a tó yá sáfà, wọ́n máa ń béèrè ibi tí a fẹ́ kí ó wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í fara balẹ̀ ka ìbéèrè náà. Owó lè mú kí ẹnìkan yan òkè òkun, kò sì burú, ṣùgbọ́n kí ó tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sí Èkó. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.