Káàdì tuntun nínú ẹ̀rọ géèmù àtijọ́: Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó náwó

Ṣé ẹ fẹ́ ra graphics card tuntun sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹ fi ń ta géèmù? Ẹ sinmi ná. Káàdì yẹn kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ yín.

Graphics card ni pátákó tó ń ya àwòrán tí à ń rí lójú monitor. Tí géèmù bá ti ń fà bí ìgbín, òun ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń fẹ́ pààrọ̀. Lóòótọ́, káàdì tuntun lè sọ ẹ̀rọ àtijọ́ dọ̀tun. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ti fi oṣù mélòó kan tọ́jú owó, tí wọ́n ra káàdì délé tán, tí kò wọ inú casing, tàbí kí ẹ̀rọ máa kú pii láàárín géèmù. Ó sì máa ń ṣòro kí ẹni tó tà á gbà á padà, torí pé káàdì fúnra rẹ̀ kò ní àléébù kankan. Ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ kì í bọ̀ ni kò lè gbé e.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Dell OptiPlex 9020, tó jáde lọ́dún 2013, wà lára irú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí wọ́n máa ń tà ní tòkunbọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà. Àwọn tí owó wọn kò tíì tó ra ẹ̀rọ géèmù tuntun máa ń rà á, kí wọ́n sì ki káàdì bọ̀ ọ́.

Irú ẹ̀rọ wo gan-an lẹ ní?

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ msinfo32 síbẹ̀, kí ẹ tẹ Enter. Orúkọ ẹ̀rọ, processor, iye RAM àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe BIOS rẹ̀ á jáde. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ mú un dání lọ sọ́jà.

Ẹ tún wo bí casing ṣe tóbi tó. 9020 tí wọ́n kọ MT sí orúkọ rẹ̀ ló tóbi, káàdì tó ga dáadáa lè wọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n kọ SFF sí rí pẹlẹbẹ, káàdì kúkúrú tí wọ́n ń pè ní low-profile nìkan ló ń gbà. Ọ̀rọ̀ nípa MT ni ìyókù àlàyé yìí.

Power pack ni ọ̀rọ̀ wà

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Power pack tó bá 9020 MT wá jẹ́ 290 wáàtì. Ẹ wá gbọ́ ìṣirò. Processor Intel Core i5-4570 jẹ́ 84 wáàtì. Ẹ fi nǹkan bíi 50 kún un fún motherboard, hard disk, RAM àti fáànù, ó di 134. Tí ẹ bá wá ki GeForce RTX 3060 tó ń jẹ 170 wáàtì bọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ di 304. Ó ti ju agbára power pack lọ nìyẹn. Nvidia tó ṣe káàdì náà fúnra rẹ̀ ní kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní power pack 550 wáàtì.

Àmọ́ RTX 3050 oní-6GB, tó jáde lọ́dún 2024, 70 wáàtì péré ló ń jẹ. Ẹ fi 70 kún 134, ó di 204. Power pack àtijọ́ yẹn lè gbé e, kó sì tún ṣẹ́kù. Slot tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ lè gbé iná tó 75 wáàtì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú irú káàdì yìí kò fi nílò wáyà iná mìíràn.

Ẹ má wo nọ́ńbà gbàgàdà tí wọ́n kọ sára power pack nìkan o. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí, kí ẹ sọ iye amp ibẹ̀ di ìlọ́po 12. Tó bá jẹ́ 18A, 216 wáàtì ni. Orí ìlà yẹn ni processor àti káàdì ti ń rí iná jẹ.

Àwọn kan máa ní kí ẹ ra wáyà alásopọ̀, kí ẹ fa iná láti ẹnu wáyà SATA tó wà fún hard disk. Ẹ má gbà. Ẹnu SATA kò gbọ́dọ̀ gbé ju 54 wáàtì lọ lórí 12V, bẹ́ẹ̀ ni ihò oní-pin mẹ́fà lára káàdì lè béèrè 75. Ibẹ̀ ni wáyà ti máa ń yọ́, tí iná sì lè ti ibẹ̀ ṣẹ́yọ.

Tó bá jẹ́ power pack lẹ fẹ́ pààrọ̀, ẹ rántí pé ẹnu oní-pin mẹ́jọ ni Dell lò lórí motherboard 9020, kì í ṣe oní-pin 24 tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Alásopọ̀ tó mú 24 wọ mẹ́jọ wà. Ẹ rà á lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ má baà lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé processor lè bá káàdì rìn?

Processor ló ń sọ fún káàdì ohun tó máa yà. Ẹ fi ojú bùkátéríà wò ó: tí ìyá olóúnjẹ kò bá tíì bu oúnjẹ, agbáwo mẹ́wàá kò lè gbé e dé tábìlì. Bí processor bá lọ́ra, ṣe ni káàdì olówó iyebíye á kàn jókòó máa dúró dè é.

Ẹ lè dán an wò láì ná kọ́bọ̀. Ẹ ṣí géèmù tó ń fà, kí ẹ dín resolution rẹ̀ kù gan-an. Tó bá yára sí i, káàdì ló ń fà á sẹ́yìn, káàdì tuntun á sì ràn yín lọ́wọ́. Tí kò bá yàtọ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ processor.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. i5-4570 ní core mẹ́rin àti thread mẹ́rin. Core i7-4770 àti i7-4790 ní core mẹ́rin àti thread mẹ́jọ, 84 wáàtì kan náà ni wọ́n ń jẹ, ihò kan náà ni wọ́n sì ń wọ̀. Ẹ lè ra ọ̀kan ní tòkunbọ̀ láì pààrọ̀ motherboard. Ẹ má gbàgbé láti fi thermal paste tuntun sí i.

Ní ti RAM, 16GB ló dáa kí ẹ ní fún géèmù òde òní, kó sì jẹ́ 8GB méjì dípò ẹyọ kan, torí méjì máa ń yára ju ọ̀kan lọ. DDR3 ni 9020 ń lò. DDR4 kò lè wọ ihò rẹ̀ láéláé.

Slot, monitor àti BIOS

Slot ńlá inú 9020 jẹ́ PCIe 3.0, ọ̀pọ̀ káàdì tuntun sì jẹ́ 4.0. Wọ́n máa bára mu, àmọ́ káàdì á máa rìn ní ìwọ̀n ti àtijọ́. Fún ọ̀pọ̀ káàdì, ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré. Ẹ ṣọ́ra fún Radeon RX 6500 XT tọdún 2022 ṣá. Ọ̀nà mẹ́rin péré ló ń gbà bá motherboard sọ̀rọ̀, 4GB sì ni memory rẹ̀. Lórí PCIe 3.0, ìlàjì ọ̀nà rẹ̀ ti dí nìyẹn, géèmù tó wúwo á sì máa fà.

Tí monitor yín bá jẹ́ oní-VGA, ẹ mọ̀ pé HDMI àti DisplayPort ló wọ́pọ̀ lára káàdì tuntun. Ẹ máa nílò alásopọ̀, tàbí monitor mìíràn.

Ó tún dáa kí BIOS jẹ́ tuntun, ojúlé Dell lẹ ti máa rí i. Àmọ́ ẹ má dán an wò nígbà tí iná ń ṣe ségesège. Tí NEPA bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́ yìí, kọ̀ǹpútà lè má tan mọ́. Ẹ lo UPS tàbí inverter.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kì í bọ̀ ọ́

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tan án mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ tán. Ẹ fọwọ́ kan irin casing kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ẹ fẹ́ eruku kúrò, ṣùgbọ́n ẹ di fáànù mú kó má baà yí. Ẹ má tú power pack o, iná lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ rọra ki káàdì bọ slot títí yóò fi dún kẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ara káàdì ni kí ẹ ki wáyà monitor sí, kì í ṣe ara motherboard. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an: èèyàn á ra káàdì tán, síbẹ̀ kò ní máa lò ó.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ fi í sílẹ̀?

Tó bá ti di pé ẹ máa pààrọ̀ power pack, processor, RAM àti casing kí káàdì kan ṣoṣo tó lè ṣiṣẹ́, ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi wé owó ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde jù ú lọ. Ẹ tún rántí pé Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, bẹ́ẹ̀ processor 9020 kò sí lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí fún Windows 11.

Power pack lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó kan àyè inú casing, kó kan processor àti RAM. Káàdì ló máa kẹ́yìn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ kò ní wọmi.