Ààbò Ọ̀pá Gáàsì Abẹ́ Ilẹ̀ níbi tí Wọ́n ti ń Wa Òkúta Wẹ́wẹ́

Ààbò ọ̀pá gáàsì níbi ìwakùsà ni gbogbo ètò tí ilé iṣẹ́ gáàsì, awakùsà àti ìjọba ń ṣe kí ọ̀pá irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ má baà bẹ́, kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ má sì yẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń kó òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn nítòsí. Ẹ̀bá odò ni òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pá tó ń gba ìlú dé ìlú kò lè ṣe kó má sọdá odò. Ìdí nìyí tí ọ̀pá àti kòtò fi máa ń di aládùúgbò.

Ibi tí ewu ti ń wá

Eyín katapílà ni ewu àkọ́kọ́, torí ọ̀pá kì í jìn púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n ri ọ̀pá gáàsì ńlá sí ìsàlẹ̀ ínṣì 30, ó kéré tán, ní ìgbèríko, àti ínṣì 36 níbi tí ilé pọ̀ sí, bí ilẹ̀ kò bá jẹ́ àpáta. Ìgbà tí wọ́n ń ri ọ̀pá ni òfin yìí ń sọ. Bí katapílà bá ti ha ojú ilẹ̀, tàbí tí ọ̀gbàrá wọ́ ọ lọ, ọ̀pá tó jìn tẹ́lẹ̀ lè má jìn mọ́.

Ewu kejì ni etí kòtò. Òkúta wẹ́wẹ́ kì í dì mọ́ra bí amọ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ lóòró, yóò ya lulẹ̀, yóò sì fa ilẹ̀ abẹ́ ọ̀pá tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ni ìwúwo tìpà tó ń kó ẹrù kọjá lórí ọ̀pá láràárọ̀. Ẹ̀kẹrin ni ìpẹtà: òkúta ẹlẹ́nu ṣóńṣó máa ń bó ohun tí wọ́n fi bo irin náà.

Ètò ṣáájú àti nígbà iṣẹ́

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó fẹ́ walẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tó àwọn tó ni ọ̀pá létí. Nọ́ńbà 811 ni wọ́n ń pè, kò sì gba owó. Àwọn tó ni ọ̀pá yóò wá fi ọ̀dà tàbí àsíá aláwọ̀ ìyeyè sàmì sí ibi tó gbà kọjá. Àmì yìí kò sọ bí ọ̀pá ṣe jìn tó. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi ṣọ́bìrì, tàbí ẹ̀rọ tó ń fi omi tú ilẹ̀ tó sì ń fà á mu, wá ọ̀pá náà títí wọn yóò fi fojú rí i.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń ṣírò ibi tí kòtò yóò dé. Bí kòtò yóò bá jìn ní mítà 10, tí wọ́n sì fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa dà ní mítà 2 síwájú fún mítà 1 sísàlẹ̀, dídà yẹn nìkan gba mítà 20, kí wọ́n tó wá fi àyè tó kù sílẹ̀ láàárín etí kòtò àti ọ̀pá. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń yàn fún tìpà láti sọdá, wọn yóò sì fi yẹ̀pẹ̀ tàbí pákó tó nípọn gbé e sókè. Wọn kì í kó òkúta jọ sórí ọ̀pá. Iyanrìn kíkúnná ni wọ́n fi ń yí ọ̀pá ká. Ní ti ìpẹtà, wọ́n tún ń rán iná mànàmáná díẹ̀ sára irin náà láti dá a dúró.

Àpá tí kò bẹ́ lójú ẹsẹ̀

Ọ̀pá tí katapílà ha lè máa ṣiṣẹ́ lọ bíi pé nǹkan kan kò ṣe é. Ṣùgbọ́n irin ìsàlẹ̀ àpá náà ti le gan-an, ó sì lè là wẹ́wẹ́. Bí ìfúnpá gáàsì bá ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú lílà náà yóò máa jìn sí i. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1994, ọ̀pá ínṣì 36 kan bẹ́ ní Edison, ìpínlẹ̀ New Jersey. Iná rẹ̀ jó ilé gbígbé mẹ́jọ run. Àwọn olùwádìí rí i pé àpá tí ẹ̀rọ ìwalẹ̀ ti dá sí i lára tẹ́lẹ̀ ló fà á. Ní Ghislenghien, ní Bẹ́ljíọ̀mù, irú rẹ̀ pa èèyàn 24 ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2004. Àwọn panápaná wà lára wọn.

Nítorí èyí, bí abọ́ katapílà bá fara kan ọ̀pá, bó ti wù kó kéré tó, awakọ̀ gbọ́dọ̀ dúró kó sì sọ. Ilé iṣẹ́ gáàsì yóò dín ìfúnpá kù, wọn yóò bó ìbora náà, wọn yóò wọn bí irin tó kù ṣe nípọn tó, wọn yóò sì wá ibi tó là. Ibi tó tẹ̀ tó sì tún ní àpá ni wọ́n ń bẹ̀rù jù.

Kòtò àti omi

Kòtò tó wà lẹ́bàá odò lè yí ipa odò padà nígbà ìkún omi. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1994, Odò San Jacinto nítòsí Houston, ní Texas, kún àkúnya, ó sì la ojú ọ̀nà tuntun gba ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa iyanrìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pá mẹ́jọ bẹ́, omi sì gbẹ́ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ 29 mìíràn. Àwọn kan nínú ọ̀pá wọ̀nyí kò sí ní ojú odò rárá kó tó di ìgbà náà. Ìdí nìyí tí ètò ààbò kì í fi í parí lọ́jọ́ tí katapílà bá kúrò: wọ́n ní láti dí kòtò tàbí kí wọ́n mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le, kí wọ́n sì máa yẹ ilẹ̀ orí ọ̀pá wò lẹ́yìn gbogbo ìkún omi.