Ta Ni À Ń Gbé Kọ́ Ara Ògiri?

Bí àlejò bá wọ pálọ̀ ilé ńlá ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, àwòrán baálé ilé nínú agbádá ni ojú rẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ bá. Ọkùnrin tí ń wọ inú ọ̀sà lọ bu iyanrìn ní Ìkòròdú kò sí níbẹ̀. Obìnrin tí ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iyanrìn ni a fi mọ ògiri tí a gbé àwòrán náà kọ́.

Àṣà yìí ti pẹ́. Àìná Ọnàbólú (1882–1963), aṣáájú àwọn ayàwòrán ìgbàlódé wa, ya àwọn gbajúmọ̀ Èkó bíi Dókítà Sápárà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé àwọn baba wa kò rí òṣìṣẹ́. Láàrin 1910 sí 1914, Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ìlẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Òyìnbó aṣojú ìjọba wà lára rẹ̀. Àwọn tí ó gbé e àti àwọn aláàárù rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1924 a gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí London fún àfihàn, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní.

Ní 1962, Jacob Lawrence, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, wá ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn. Ní 1964, òun àti ìyàwó rẹ̀, Gwendolyn Knight, padà wá, wọ́n sì lo nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Kì í ṣe àwọn mínísítà ni ó jókòó yà. Nínú *Street to Mbari* tí ó yà lọ́dún náà, èrò ọjà ni ó kún inú àwòrán: ẹrù lórí, aṣọ títà nínú ìsọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ó mú gan-an. Kò sí ẹni tí ó ga ju ẹnì kejì lọ.

Lawrence yìí kan náà ni ó ya *The Builders* ní 1947, àwòrán àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kọ́lé. Ní 2007 a ra àwòrán náà ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là fún ilé Ààrẹ Amẹ́ríkà, a sì gbé e kọ́ sí ara ògiri ibẹ̀.

Bí ilé Ààrẹ kò bá ka òṣìṣẹ́ sí àbùkù, kí ni ó ń ti àwa lójú? Ẹnu wa kì í sinmi láti yin iṣẹ́; ògiri wa ni kò tíì gbọ́.