Ògiri Inú

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Ìkéjì-Arákejì, àwọn àgbà dá ìyá kan lẹ́bi pé kò bọ́ ọmọ rẹ̀ yó ni ọmọ náà kò fi dàgbà. Ẹkún ni obìnrin náà ń sun.

Ní 1991, P. G. Lunn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ-ọwọ́ ní Gáńbíà. Wọ́n fún wọn ní oríṣi ṣúgà méjì mu. Èyí tí ó tóbi kò yẹ kí ó lè la ara ìfun kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n bá a nínú ìtọ̀ wọn. Wọ́n ṣírò pé jíjò ìfun lè ṣàlàyé tó ìdá 43 nínú 100 àìdàgbà àwọn ọmọ náà.

Ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí ó so mọ́ra pẹ́kípẹ́kí ni ògiri ìfun. Bí kòkòrò bá ń kọlù ú lemọ́lemọ́, ara a gbéjà kò wọ́n, ìfun a wú; ìjà yìí gan-an ni ó ń tú ìsopọ̀ náà. Ìdààmú ọkàn pẹ̀lú a máa tú u. Àwa Yorùbá kò kúkú ṣìnà tí a fi ìbínú àti ìbànújẹ́ sí inú. Síbẹ̀, n kò ní fi ti ọmọ yẹn sọrùn ìbànújẹ́ ìyá rẹ̀. Odò ni a ti ń pọn omi mu nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó dárúkọ omi lọ́jọ́ ẹjọ́ náà.