Ìwé Kan Ṣoṣo, Ewu Ni

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Bí òjò bá wọ àpótí yín lálẹ́ òní, ìwé wo ló máa bàjẹ́ tí ẹ ò ní rí irú rẹ̀ mọ́ láyé? Ẹ fọkàn sí i, nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí, ìlú Ọ̀yọ́ ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Àlùfáà Samuel Johnson ni olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, ó sì parí rẹ̀ ní 1897. Wọ́n fi iṣẹ́ ńlá náà ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Bàbá náà kú ní 1901 láì fojú rí ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló wá jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ àti àjákù ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní January 1916, wọ́n tún fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi Appam. Ogun ń lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú agbami, ó di Amẹ́ríkà! Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Àjákù wọ̀nyẹn ló gbà á là. Ká ní kò sí wọn ńkọ́?

Èmi náà ní tèmi. Bàbá mi fi ìwé kékeré kan sílẹ̀ ní ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ àwọn tó tẹ agboolé wa dó wà níbẹ̀, àti oríkì, àti ọjọ́ tí wọ́n bí ẹni kọ̀ọ̀kan wa. Lọ́jọ́ kan mo ṣí i, ikán ti jẹ etí rẹ̀! Ọkàn mi fò. Kò pẹ́ sí i, mo gbọ́ pé ọ́fíìsì kan ní Ọ̀yọ́ fẹ́ ta ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì àtijọ́ rẹ̀. Mo rà á, mo háyà mọ́tò, mo gbé e wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó mi wò ó títí. "Olówó orí mi, níbo lẹ fẹ́ gbé erin yìí sí?"

Ẹ gbọ́ ìtàn erin náà ná. Ará Amẹ́ríkà kan, Chester Carlson, tí àdàkọ ìwé ti sú níbi iṣẹ́, ló ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́ ní Astoria, ní New York, ní 22 October 1938. Kò lo yíǹkì olómi rárá. Ẹ mọ bí irun ṣe máa ń dìde tẹ̀ lé òòyà nígbà ọyẹ́? Irú iná bẹ́ẹ̀ ló fi fa ìyẹ̀fun mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ló wá fi ooru yọ́ ọ mọ́ pépà. Ní 1959 ni ẹ̀rọ Xerox 914 jáde, ni fọ́tókọ́pì bá gba gbogbo ọ́fíìsì kan.

Mo da ìwé bàbá mi kọ. Ṣùgbọ́n bí a bá da ẹ̀dà kọ láti ara ẹ̀dà, ṣe ló ń ṣá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ló yẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò. "Bọ̀dá, ẹ wo ihò wáyà níbí! Ẹ̀rọ yìí lè bá kọ̀ǹpútà yín sọ̀rọ̀." Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ àtijọ́ ló ní ihò yẹn o, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ ìyá kan ni ihò náà àti fọ́tókọ́pì. Níbi ìwádìí ilé-iṣẹ́ Xerox ní California, ní 1973, ni Robert Metcalfe àti David Boggs ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà yóò fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì lè jùmọ̀ lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan. Ethernet ni wọ́n pè é. Òun náà ló wà lẹ́yìn ráótà inú ilé yín.

Ọmọ náà kọ́kọ́ pa ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ irú wọn ló máa ń tọ́jú àwòrán ìwé tí wọ́n ti dà kọ. Àṣírí ọlọ́fíìsì kì í ṣe tiwa. Ó ki wáyà bọ ẹ̀rọ, ó ki orí kejì bọ ráótà. Ó fún ẹ̀rọ ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà, kí ó má baà dà bí ayálégbé tó kó lọ láì sọ fún ọ̀rẹ́. Ó júwe àdírẹ́sì náà fún kọ̀ǹpútà. A tẹ̀wé, ó jáde!

Síkáànì ló wá fa wàhálà. Èdè àtijọ́ kan, SMB1, ni ẹ̀rọ náà fi ń fi ìwé ránṣẹ́, Windows sì ti dẹ́kun fífi í sínú kọ̀ǹpútà tuntun láti 2017, ọdún tí àwọn olè orí kọ̀ǹpútà gba ibẹ̀ wọlé káàkiri ayé. Mo ní kó bá mi ṣí i padà.

"Rárá o, Bọ̀dá. Ilẹ̀kùn tí gbogbo olè ti mọ̀ ni."

Ó bá lo FTP, ọ̀nà àtijọ́ mìíràn tí ẹ̀rọ náà gbọ́, ó sì ṣètò rẹ̀ kó má kọjá inú ilé. Bí a ò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, ìwé bàbá mi wọnú kọ̀ǹpútà, mo sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò bàbá mi obìnrin kan pè mí láti Ọ̀yọ́. Mo rò pé ó fẹ́ kí mi kú iṣẹ́ ni. "Mo ti rí ìwé náà lórí fóònù ọmọ mi. Ó dára. Orúkọ ìyá mi dà?"

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Lóòótọ́, bàbá mi kò kọ orúkọ ìyàwó kẹta. Láti ọjọ́ yìí wá tí ìwé náà ti wà nínú àpótí, ta ni ì bá ti rí i? Mo fi bírò kọ orúkọ ìyá àgbà náà sí ìsàlẹ̀, mo tún un fi sí ẹ̀rọ, mo sì tún un fi ránṣẹ́. Ní báyìí, ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó wà ní Ọ̀yọ́, ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ikán kan ò lè jẹ ìlú mẹ́ta pọ̀.