Egbòogi àti Ìrọ̀rùn Aláìsàn Jẹjẹrẹ Próstéètì Tó Ti Tàn: Àyẹ̀wò Ìwádìí fún Agbègbè Datcha

Datcha wà ní agbègbè Atakpamé ní Tógò, láàárín àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Ana, tí ìtàn wọn tọpasẹ̀ orírun wọn dé Ilé-Ifẹ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ ìlú náà. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, àgbo ni ọ̀pọ̀ baba tí ìtọ̀ ń ni lára máa ń kọ́kọ́ mu. Ìgbà tí ìrora bá dé ìbàdí ni àwọn ọmọ á gbé e lọ sílé ìwòsàn, tí jẹjẹrẹ sì ti wọ egungun. Ní ipele yìí, ìrọ̀rùn là ń wá: ṣé baba ń sùn? Ṣé oúnjẹ ń wọlé? Ṣé ó lè dìde jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀?

Àwọn oníwádìí ní ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń wọn ìrọ̀rùn yìí, FACT-P, tó ní ìbéèrè 39. Ó ṣeni láàánú pé PSA, èròjà tí próstéètì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí egbòogi ń tẹjú mọ́. Ẹ wo ti Pomi-T ní Bìrìtìkó, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Ọkùnrin 199 ló kópa fún oṣù mẹ́fà. Àwọn kan lo àpòpọ̀ pomegranate, tíì aláwọ̀ ewé, brócólì àti ata ilẹ̀ pupa, àwọn yòókù lo oògùn tí kò ní nǹkan nínú. PSA àwọn tó lo egbòogi fi 14.7% gòkè, ti àwọn yòókù fi 78.5%. Ìyàtọ̀ náà pọ̀, àmọ́ jẹjẹrẹ wọn kò tíì tàn, PSA tó sì rọra gòkè kò sọ bí ẹnì kan ṣe sùn mọ́jú.

Èèpo igi Prunus africana, tí wọ́n ń bó lórí àwọn òkè Kamẹrúùnù, tún lókìkí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkójọ ìwádìí 18, tó kan ọkùnrin 1,562, fi hàn pé ó dín ìdìde tọ̀ lóru kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n próstéètì tó kàn wú lásán ni wọ́n wádìí. Ẹni tó bá fi ẹ̀rí yẹn ta èèpo fún alájẹjẹrẹ ń ta ohun tí kò ní.

Àpòpọ̀ egbòogi kan tó ń jẹ́ PC-SPES ló yẹ kó bà wá lẹ́rù jù. Ewé àti egbò mẹ́jọ ni wọ́n ní ó wà nínú rẹ̀, PSA sì ń wálẹ̀ lóòótọ́ lára àwọn aláìsàn ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ọmú àwọn kan wú, ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan àwọn míì. Ní 2002 wọ́n kó o kúrò lọ́jà: àyẹ̀wò ti rí ohun amáralóbìnrin àtọwọ́dá, oògùn tó ń dènà dídì ẹ̀jẹ̀, àti apàrora kan nínú àwọn kan lára rẹ̀. Àgbo inú ike tí kò sí àkọlé lára rẹ̀ náà lè ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú.

Síbẹ̀, ara igi àti ewé ni èyí tó ṣiṣẹ́ ti wá. Láti inú ewé igi yew ti Yúróòpù ni wọ́n ti ń ṣe docetaxel, oògùn jẹjẹrẹ. Nínú ìwádìí TAX 327, tó jáde ní 2004 tó sì kó ọkùnrin 1,006 pọ̀, ìrora dínkù fún 35% nínú àwọn tó ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, àti 22% nínú àwọn tó gba oògùn tí wọ́n fi wéra. FACT-P náà dára sí i fún 22%, àti fún 13% nínú àwọn yẹn. Morphine, oògùn apàrora, wá láti ara òdòdó poppy. Ìgbẹ́ gbígbẹ tí ó ń fà, senna ni wọ́n fi ń tú u, ìbátan àsùnwọ̀n òyìnbó tí àwọn ìyá wa mọ̀. Ìwọ̀n tí a mọ̀ ló ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀.

Nítorí náà, kí nọ́ọ̀sì béèrè gbogbo ohun tí baba ń mu, láìbínú, kó sì kọ ọ́ sínú fáìlì. Ohun kan wà tí àgbo kò gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn: bí ẹ̀yìn bá ń dunni tí ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ó ṣeé ṣe kí jẹjẹrẹ máa tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, torí ẹsẹ̀ tó bá kú tán kì í sábà jí mọ́.