Callendar, Suess àti Èédú Inú Ilẹ̀

Ẹnjiníà ni Guy Stewart Callendar, kì í ṣe onímọ̀ ojú ọjọ́. Ní 1938, ó fi àkọsílẹ̀ ibùdó 147 hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé ayé ń gbóná, àti pé èédú tí a ń wà nínú ilẹ̀ sun wà lára ohun tó fà á. Àwọn onímọ̀ ṣiyèméjì. (Òun alára rò pé àǹfààní ni yóò jẹ́ fún àgbẹ̀; ó ṣìnà níbẹ̀.) Ta ló ni èéfín náà? Ní 1955, Hans Suess yẹ igi wò. Carbon-14 ń bẹ nínú ohun alààyè, ṣùgbọ́n ó ti tán nínú èédú tó pẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Èyí tó bá nínú igi tuntun kò tó bó ṣe yẹ: èédú tí ènìyàn sun ti wọ inú afẹ́fẹ́ tí igi fi ń dàgbà.